Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀ ti Wusasa

Bí o bá dé Wusasa, lẹ́yìn odi Zaria, yà sí ṣọ́ọ̀ṣì St. Bartholomew. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, bí ilé àwọn Haúsá. Fọwọ́ kan ògiri rẹ̀: ó ki, ó sì tutù, bí oòrùn ọ̀sán tilẹ̀ ń ta. Mo mọyì ìjọ tó kọ́lé bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń kọ́lé.

Lọ́dún 1905 ni Dókítà Walter Miller, ajíhìnrere CMS, wá tẹ̀dó sí Zaria. Kò dédé wọlé o. Ẹ́míà ló yọ̀ǹda fún un láti gbé inú odi. Ó gbọ́ Haúsá dénú, ó ń wo aláìsàn, ó ń kọ́ ọmọ níwèé. Nígbà tí òun àti ìjọ rẹ̀ kó lọ sí Wusasa lọ́dún 1929, iṣẹ́ ìwòsàn àti ilé ìwé kò dúró. Ibẹ̀ ni Yakubu Gowon, tó padà di olórí Nàìjíríà, dàgbà sí. Ibẹ̀ náà ni Ishaya Audu ti jáde, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá Yunifásítì Ahmadu Bello.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ fi ti Miller àti Ẹ́míà ṣe àwòkọ́ṣe: kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àdúgbò.