Ìmùlẹ̀ Apá Kan: Ìbúra Àlejò ní Amẹ́ríkà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà gùn débi pé ẹni tí yóò kà á jáde gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbúra tí àlejò ń ṣe kí ó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí: 'Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí ì bá ṣe dún létí bàbá wa.' Olóyè ni bàbá wa ní ìlú wa títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó bá a lọ sọ́hùn-ún ní ọdún 2003 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ti fi ọkàn sí West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1802. Ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 17, kò sì gbọdọ̀ tíì pé 23. Kò gbọdọ̀ ní aya, kò gbọdọ̀ ní ọmọ tó ń bọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tí òfin fún láṣẹ, bí aṣòfin àpapọ̀, tí yóò dárúkọ rẹ̀. Gbogbo èyí kò ba ọmọ náà lẹ́rù. Ohun tó dí i lọ́nà ni pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ-ìlú, gíríìn káàdì nìkan ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 ló lè gbà á: bí òbí tó ni ìtọ́jú ọmọ, tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, bá di ọmọ-ìlú kí ọmọ náà tó pé ọdún 18, tí ọmọ náà sì ní gíríìn káàdì, ọmọ di ọmọ-ìlú lójú ẹsẹ̀, láìbúra. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí kò sì ní dúró dè é. Ẹnu ìyá ni idà ọmọ wà, ìyá sì ń lọ́ra.

Nígbà tí mo jókòó ti ìbúra náà bí mo ti ń jókòó ti ewì tí mo fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ètò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Kò fi ohun tí àlejò ń gbà ṣáájú. Ohun tí ó ń jù nù ló fi bẹ̀rẹ̀. Àlejò yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ gbogbo ọba, aláṣẹ àti orílẹ̀-èdè tí ó ti ń sìn rí, yóò ṣẹ́ wọn pátápátá, kí ó tó ṣèlérí láti gbèjà òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti gbé ohun ìjà bí òfin bá pè é, kí ó sì jẹ́rìí pé òun kò fi nǹkan kan pamọ́ sínú. Ìtàn hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara wọn lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bẹ̀rù ọba. Òfin wọn àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti ọdún 1790, aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ẹrú nìkan ló gbà láàyè. Ọdún 1870 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn náà fún ẹni tó wá láti Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ gbígbé ohun ìjà kò sì wọ inú òfin ìbúra náà títí di ọdún 1950. Bí aṣọ tí a lẹ abulẹ̀ mọ́ ló rí: sáà kọ̀ọ̀kan ti fi ẹ̀rù tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà, 'ṣẹ́', ló há àbúrò mi lọ́fun. 'Ṣé ọba ìlú wa náà wà nínú ọba tí mo ń ṣẹ́?' ni ó bi mí lórí tẹlifóònù. Èsì amòfin ni mo fún un: òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gba ipò ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹni tí a bí sí i nítorí pé ó gba ti ibòmíràn, Amẹ́ríkà pẹ̀lú kì í ní kí ó dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, 'Bí kò bá jẹ́ pé mo ṣẹ́ ẹ ní tòótọ́, kí ló dé tí wọ́n ní kí n sọ pé mo ṣẹ́ ẹ, kí n sì tún búra pé n kò fi nǹkan kan sínú?' N kò rí èsì fún un. Lójú tèmi, èyí ni àbùkù tó tóbi jù nínú ìbúra náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀rọ̀: ó ń béèrè ohun tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kì í mú ṣẹ. Amòfin lè ní kò sí láburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ láàárín àwọn tó gbà pé ẹyin lohùn, ìdààmú ọkàn gidi ló jẹ́ fún un.

Àwa náà ní ìbúra. Ẹni tó fi Ògún búra a máa fi ẹnu kan irin. Ó mọ̀ pé irin tí òun fẹnu kàn lè dá òun lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọṣe bá wà láàárín ènìyàn méjì, ìmùlẹ̀ ni a ń ṣe. Àwọn méjèèjì ló ń mu nínú ohun tí a fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Èyí tó bá dalẹ̀ nínú wọn, ilẹ̀ kan náà ni yóò bá a wí. Ẹ wá fi ojú yìí wo ìbúra Amẹ́ríkà. Àlejò nìkan ló ń lanu. Nínú gbólóhùn gígùn náà, orílẹ̀-èdè kò ṣèlérí ohunkóhun padà fún un. Ìmùlẹ̀ apá kan ni.

Ní ti ogun jíjà ni apá kan yìí ti hàn jù. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè wọṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí sójà lásán, wọ́n sì lè rán an lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ West Point láti di ọ̀gá àwọn sójà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ-ìlú. José Gutiérrez, ọmọ Guatemala, wà lára àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ kú sí ogun Iraq ní oṣù kẹta ọdún 2003. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọmọ-ìlú. Àwọn mìíràn jagun bọ̀ láàyè, wọn kò parí ètò ìwé wọn, wọ́n wá ṣẹ̀ sófin, ìjọba sì lé wọn kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n jà fún. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé West Point ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí ìjọba rẹ̀ bá rán wá. Òfin gbà kí wọ́n tó 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí yóò padà sílé rẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó ti kẹ́rù wá jókòó ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àlejò sójà ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà. Orúkọ ọmọ ni wọn kò tíì fún un.

Kí a má ṣe àṣejù ṣá. Láti oṣù keje ọdún 2002 ni àṣẹ Ààrẹ George W. Bush ti mú kí sójà àlejò lè béèrè ipò ọmọ-ìlú láìdúró de iye ọdún tí àwọn yòókù ń dúró. Ó sì jẹ́ ìwà ọgbọ́n pé òfin ni àlejò ń búra fún, kì í ṣe ènìyàn kan tó lè kú tàbí kí ó ṣìwà hù.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún wé e. Ibùdó ogun ni ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló sì pàgọ́ síbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Balógun Ìbíkúnlé ti wá. Ìlọrà ni Ààrẹ Látòóṣà ti wá. Kò sí pé wọ́n ṣẹ́ ìlú baba wọn kí wọ́n tó joyè. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójú ogun ni a fi wọ̀n wọ́n. Oríkì ìlú náà pàápàá kò fi pamọ́ pé àjèjì a máa rọ́wọ́ mú níbẹ̀ ju onílé lọ. N kò fi èyí sọ Ìbàdàn di ọ̀run. Ẹrú tí ogun kó ló ń ro oko àwọn jagunjagun wọ̀nyí. Ohun tí mo ń wí ni pé ewu àti èrè wà lórí òṣùwọ̀n kan náà fún àlejò tó bá wọn jagun.

A kò sì lè fi ògo àtijọ́ yẹn bo ojú òní. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí wọ́n bí sí ìlú Yorùbá ńlá kan, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara, fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gágun nílẹ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wá tó fi ọmọ ibi tí ó jẹ́ hàn. Ìlú tí a bí i sí kò fún un, torí pé ibòmíràn ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ní láti lọ tọrọ ìwé náà ní ìlú tí kò gbé rí, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà ń béèrè ìbúra tó le lọ́wọ́ àlejò. Ní ti irú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yìí, àwa kò tilẹ̀ ní ìbúra kankan tí àlejò lè ṣe kí ó fi di ọmọ ìlú wa.

Mo túmọ̀ ìbúra náà fún àbúrò mi. Ó wù mí láti fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ rọ́pò 'ṣẹ́', ṣùgbọ́n n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ni mo kọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó pè mí. 'Mo ti sọ ọ́ tán, Bọ̀ọ̀dá mi. Kí Kábíyèsí dárí jì mí.' Ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò sọ nǹkan kan, ó sì jáde síta gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ìlú. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó wọ West Point, òun náà sì gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀, ó búra.

Ìyá ti mu tirẹ̀, ọmọ ti mu tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbúra náà ti níye lórí tó, kí ó má wo ẹnu wọn mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni igbá wà.