Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ: Àyẹ̀wò Ìwé Méjì lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Òṣèlú Íjíbítì

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2011 ni Hosni Mubarak, ẹni tí ó ti ń ṣe olórí Íjíbítì láti ọdún 1981, fi ipò sílẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 18 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi péjọ sí gbàgede Tahrir ní ìlú Káírò. Kò pẹ́ tí àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè fi sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórúkọ: wọ́n ní ìyípadà tí Facebook mú wá ni. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Títí di òní, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú òṣèlú àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí kò lè ṣàì bá orúkọ náà pàdé. Ìwé méjì ni ó yẹ kí ó kà kí ó tó gbà á tàbí kí ó tó kọ̀ ọ́. Èkíní ni Revolution 2.0, tí Wael Ghonim, ọmọ Íjíbítì, gbé jáde ní ọdún 2012. Èkejì ni Twitter and Tear Gas, tí Zeynep Tufekci, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn tí a bí ní ilẹ̀ Tọ́kì, gbé jáde ní ọdún 2017.

Òṣìṣẹ́ Google ni Ghonim, ìlú Dubai ni ó sì ń gbé, nígbà tí ó rí àwòrán òkú Khaled Said. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni àwọn ọlọ́pàá méjì wọ́ jáde kúrò ní ilé tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Alẹkisáńdíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, tí wọ́n sì lù ú pa. Ghonim dá ojú-ewé kan sílẹ̀ lórí Facebook, ó pè é ní "Khaled Said ni gbogbo wa", kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ hàn.

Ibi tí ìwé yìí ti dára jù lọ ni ibi tí ó ti ń ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ó ń kọ̀wé bí ẹni pé òkú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ní irú èdè Lárúbáwá tí àwọn ará Íjíbítì ń sọ nínú ilé wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìròyìn. Ó máa ń béèrè èrò àwọn ènìyàn kí ó tó dá àbá. Bí oníṣòwò ti í fa oníbàárà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fà wọ́n: kí wọ́n kọ́kọ́ kà, kí wọ́n fèsì, kí wọ́n mú ohun tiwọn wá, kí wọ́n tó wá jáde sí ìgboro. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀; wọ́n dúró létí òkun, wọ́n kẹ̀yìn sí títì, ẹlòmíràn ń ka Kùránì, ẹlòmíràn ń ka Bíbélì. Ọlọ́pàá kò rí ariwo kankan tí yóò torí rẹ̀ mú wọn. Olùkọ́ èdè yóò rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ níhìn-ín, pé èdè ilé ni ó ń wọ ènìyàn lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àléébù kan tí kò kéré. Láti òru ọjọ́ 27 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejì, inú àtìmọ́lé ni Ghonim wà, wọ́n sì di ojú rẹ̀. Nínú ọjọ́ 18 tí ìjà náà fi gbóná, èyí tí ó pọ̀ jù ni kò fi ojú rí. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni ó sì yẹ kí a fi dán orúkọ tí wọ́n sọ ìyípadà náà wò. Ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àdúgbò gbogbo ní òru tí ó mọ́júmọ́ ọjọ́ 28, wọ́n sì pa fóònù alágbèéká pẹ̀lú. Bí ó bá ṣe pé Facebook ni ẹ̀mí ìjà náà, ó yẹ kí ìjà kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kírun tán, àwọn ènìyàn tú jáde láti mọ́ṣáláṣí lọ sí ìgboro, èrò náà sì pọ̀ ju ti ọjọ́ 25 tí ojú-ewé náà pè lọ. Ẹni tí kò lè fi fóònù béèrè ọmọ rẹ̀ ní láti jáde lọ wá a. Fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tí íntánẹ́ẹ̀tì fi kú, Tahrir kò ṣófo. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ní Mahalla al-Kubra ni ó kọ́kọ́ pinnu láti daṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Facebook láti tì wọ́n lẹ́yìn. Ìwé Ghonim kò fún irú àwọn ènìyàn báyìí ní àyè tí ó tọ́ sí wọn.

Ìbéèrè mìíràn ni Tufekci béèrè: kí ni ó dé tí ìpéjọ fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀, tí ìdúróṣinṣin sì fi le? Ó mú ìwọ́de ńlá ti Washington ní ọdún 1963 ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi múra sí i, nínú ìmúra náà sì ni wọ́n ti kọ́ bí a ti í jiyàn, bí a ti í fẹnu kò, àti bí a ti í tẹ̀ lé aṣáájú. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé làálàá náà kúrò, ṣùgbọ́n inú làálàá náà ni ẹ̀kọ́ wà. Ó yin àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi Twitter wá oògùn fún ibùdó ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa ní Káírò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ó hàn nínú àlàyé rẹ̀ pé kíkó oògùn jọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú dídá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìtàn gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìdìbò dé ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, àwọn méjì tí ó kù sórí pápá ni Ahmed Shafik, olórí àwọn mínísítà tí Mubarak yàn kẹ́yìn, àti Mohamed Morsi ti ẹgbẹ́ Ìkhwán. Hassan al-Banna, olùkọ́ ilé-ìwé kan, ni ó dá ẹgbẹ́ Ìkhwán sílẹ̀ ní Ismailia ní ọdún 1928. Morsi ni ó wọlé, pẹ̀lú ìbò tí ó fi díẹ̀ lé ní 51 nínú 100. Àwọn ọ̀dọ́ Tahrir kò ní ẹnìkan níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2013 àwọn ọmọ ogun lábẹ́ Abdel Fattah el-Sisi yọ Morsi. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni wọ́n pa ní Rabaa al-Adawiya. Ghonim fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba ní ìparí ọdún 2015 pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó gẹ́gẹ́ bí òun ti rò tẹ́lẹ̀.

Àwọn aláṣẹ pàápàá kò sùn. Recep Tayyip Erdoğan bú Twitter ní ọdún 2013, ìjọba rẹ̀ sì tì í pa ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí àwọn ológun kan fẹ́ gba ìjọba, ojú fóònù ni ó ti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n jáde, àwọn mọ́ṣáláṣí sì ké pè wọ́n pẹ̀lú. Ní Íjíbítì, òfin ọdún 2018 ka ẹni tí ó bá ní ju ọmọlẹ́yìn 5,000 lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí oníwèé ìròyìn tí ìjọba lè fi òfin mú. Idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́.

Síbẹ̀, ìwé Tufekci náà kò pé tán. Àwọn tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò dáadáa ni ohùn wọn ròkè jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo Túnísíà yóò rí ohun tí ó fò. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ náà lo Facebook ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UGTT lórí ilẹ̀, èyí tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1946. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn mẹ́rin tí ó jọ gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní ọdún 2015, ọdún 2021 ni Kais Saied sì tó dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dúró. Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni Íjíbítì, Túnísíà àti Tọ́kì. Ohun èlò kan náà ni wọ́n lò. Ibi tí kálukú já sí yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni ó pinnu rẹ̀, ẹ̀rọ nìkan kọ́ sì ni. Ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ́ láti jọ ṣe kí ẹ̀rọ tó dé ni ó wúwo jù.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ka Ghonim láti mọ bí iná ti ń ràn, kí ó sì ka Tufekci láti mọ ìdí tí iná fi ń kú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sì wí fún un pé Facebook ni ó lé Mubarak lọ, kí ó má bá a wí. Kí ó kàn bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Káírò ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kìíní.