Ọkọ̀ Tí Ó Dojú Dé: Àtúnwò Fíìmù The Poseidon Adventure

Ẹ̀rù ni fíìmù àjálù ń tà. Bí òǹwòran bá jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá, tí ariwo omi ń bú lọ́tùn-ún lósì, kò ní àyè láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń wá ni ẹni tí yóò là. Ṣùgbọ́n bí fíìmù kan náà bá wọ inú ilé lórí fídíò, tí ó ṣeé dá dúró, tí ó ṣeé yí padà sẹ́yìn, tí òǹwòran sì ti mọ ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò yè, ẹ̀rù á lọ, ọ̀rọ̀ á kù. Ọ̀pọ̀ fíìmù irú èyí ni kì í ní ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹ̀rù. The Poseidon Adventure, tí Ronald Neame darí tí Irwin Allen sì gbé jáde ní ọdún 1972, ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó tilẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọkọ̀ òkun ńlá kan, Poseidon, ń ti New York lọ sí Athens ní ìrìn-àjò ìkẹyìn rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ tú u palẹ̀ fún irin. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà fúyẹ́ ju òkè rẹ̀ lọ. Ọ̀gákọ̀ fẹ́ rọra wà á, ṣùgbọ́n aṣojú àwọn tí ó ni ọkọ̀ kò gbà, nítorí owó ni ìdádúró ń jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún ń parí, bí àwọn èrò ti ń jẹ, tí wọ́n ń jó nínú gbọ̀ngàn àsè, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun, ìgbì kan tí ó ga bí òkè gbá ọkọ̀ náà, ó sì dojú rẹ̀ dé. Òrùlé di ilẹ̀, ilẹ̀ di òrùlé. Ẹni-ọ̀wọ̀ Frank Scott, ipa tí Gene Hackman kó, ní kí gbogbo ènìyàn gun igi Kérésìmesì lọ sókè, kí wọ́n máa wá ìdí ọkọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí ó ń mójú tó owó ní kí wọ́n dúró, pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Àwọn 10 péré ni ó lọ, Scott wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí omi fi ya wọ gbọ̀ngàn tí ó sì bo àwọn tí ó kù. Nínú 10 yẹn, 6 ni ó jáde láàyè.

Ẹni tí ó bá wo fíìmù yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò sọ pé ẹ̀kọ́ Scott ni ẹ̀kọ́ fíìmù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Scott jẹ́ àlùfáà tí ó ti kọlu àwọn àgbà ìjọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń lé lọ sí orílẹ̀-èdè tuntun kan ní Áfíríkà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní orí àwòrán ayé ni òun ti wá a rí. (Orílẹ̀-èdè náà kò ní orúkọ. Lójú fíìmù yìí, Áfíríkà kò ju ibi tí wọ́n ń lé ènìyàn lọ.) Kí àjálù tó dé, ó wàásù nínú ọkọ̀: kí ènìyàn má ṣe kúnlẹ̀ máa bẹ Ọlọ́run fún ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ lè ṣe, oníjà ni Ọlọ́run ń fẹ́. Ọjọ́ kò lọ títí tí omi fi jẹ́rìí fún un. Àwọn tí ó káwọ́ gbera kú, àwọn tí ó gun igi rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ̀dá-ìtàn bá ń wàásù tí àhunpọ̀ ìtàn sì ń ṣe àmín tẹ̀ lé e báyìí, ó yẹ kí alámèyítọ́ fura.

Àtúnwò ni ó ń mú Àlùfáà John, tí Arthur O'Connell ṣe, jáde kúrò nínú òjìji. Àlùfáà ọkọ̀ ni, ó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Scott pè é kí ó máa bọ̀. Ó kọ̀. Kì í ṣe pé ó gba òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn kú síbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ó fara pa kò lè gun igi, òun kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Nínú ariwo sinimá, ọ̀rọ̀ yìí a máa fò kọjá bí ọ̀rọ̀ aláìnígboyà. Nínú ilé, níbi tí òǹwòran lè dá àwòrán dúró kí ó wo ojú arúgbó náà, ó hàn pé ìpinnu ni, ó sì wúwo ju ti Scott lọ, nítorí kò sí èrè kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí ó fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò mọ fíìmù yìí ní àwáwí bí wọn kò bá rí i bẹ́ẹ̀. Àwòrán fífẹ̀ ni wọ́n fi ya á, tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n a máa gé etí àwòrán irú èyí sọnù, kí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ lè wà láàrin. Ní gbọ̀ngàn àsè, àwọn tí kò lè rìn ni ó wà ní etí yẹn. Nígbà tí àwo DVD dá fífẹ̀ àwòrán padà, gbọ̀ngàn náà tún kún fún àwọn tí ó fara pa àti àwọn tí ó dì mọ́ wọn. Ó nira láti wo gbogbo wọn kí ènìyàn sì sọ pé ọ̀lẹ ni ó pa wọ́n.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà nínú ìwé tí wọ́n ti mú ìtàn náà, èyí tí Paul Gallico tẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn Scott jáde, tí epo ọkọ̀ ti kùn wọ́n lára tí aṣọ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kù lọ́rùn wọn, ohun tí wọ́n rí ni ọ̀wọ́ mìíràn, tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń kó jáde láti iwájú ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wọ aṣọ àsè. Ọ̀nà mìíràn wà, ó sì rọrùn. Gallico kò wí nǹkan lé e lórí. Ó fi egungun náà há òǹkàwé lọ́fun. Àwọn tí ó sọ ìwé di fíìmù yọ ọ́ kúrò. Nínú fíìmù, Scott pàdé àwọn kan tí dókítà ọkọ̀ ń kó lọ sí iwájú, ó pariwo pé ọ̀nà kò gba ibẹ̀, wọn kò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́. Scott jàre, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ẹnì kejì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rì sómi.

Síbẹ̀, fíìmù yìí dára ju ète àwọn tí ó ṣe é lọ, ibi tí ó sì ti dára jù ni ikú Belle Rosen. Shelley Winters ni ó ṣe ipa náà. Belle jẹ́ ìyá sísanra tí gbogbo wọn kà sí ẹrù; òun àti Manny ọkọ rẹ̀ ń lọ sí Ísírẹ́lì láti rí ọmọọmọ wọn tí wọn kò tíì rí rí. Fíìmù fi ìsanra rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi ti kún ọ̀nà, Scott wọ inú omi lọ pẹ̀lú okùn, irin kan sì dì í mọ́lẹ̀. Belle, tí ó ti gba ipò nínú ìdíje ìwẹ̀ odò nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bẹ́ sómi, ó tú Scott sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì dé òdì kejì. Níbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ lé Scott lọ́wọ́ kí ó fún Manny; àmì Hébérù tí ó túmọ̀ sí ìyè ni ó wà lára rẹ̀. Bí ìwàásù orí ọkọ̀ bá jẹ́ òótọ́, Belle ni ó yẹ kí ó yè ju gbogbo wọn lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó jà jù ú lọ. Scott pàápàá mọ̀ ọ́n. Hackman, òṣèré ńlá tí ó kú ní ọdún 2025, fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ níbi tí ó ti ń bá òkú náà sọ̀rọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ìwàásù ti ń ya. Linda, ìyàwó Rogo, já sínú iná nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé. Ọkọ rẹ̀ pe Scott ní apànìyàn. Ooru gbígbóná sì tú jáde, ó dí ilẹ̀kùn ìkẹyìn. Scott fò mọ́ irin róbótó tí wọ́n fi ń pa ooru náà, ó rọ̀ sórí iná, ó ń yí i, ó sì ń bá Ọlọ́run jà pẹ̀lú ariwo: ènìyàn mélòó ni Ó tún fẹ́ gbà? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí kan sí i, kí Ó mú tòun. Ẹni tí ó ní kí ènìyàn yé bẹ Ọlọ́run wá ń gbàdúrà kíkan jù lọ nínú fíìmù náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já bọ́.

Ohun tí ó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Àmì-ẹ̀yẹ Oscar tí fíìmù náà gbà fún orin àti fún àrà ojú ìran kò fi bẹ́ẹ̀ nítumọ̀ nínú ilé, nítorí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ya ìgbì náà ti jọ ohun ìṣeré ọmọdé. Aṣojú tí ó lé ọkọ̀ sáré nítorí owó parẹ́ lẹ́yìn ìgbì. Ìtàn kò bi í léèrè ohunkóhun, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó tọ́ka sí ọ̀dádá fíìmù yìí rántí rẹ̀. Bàlúù gbéra kúrò lórí ikùn ọkọ̀. Àwọn 6 wà nínú rẹ̀, Manny pẹ̀lú ẹ̀gbà ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ Àlùfáà John.