Gbígbọ́ Èdè àti Mímọ Èdè: Àríwísí Lórí Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀dá-Èdè ní Yunifásítì

Bí ọmọ Òsì kan bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ìmọ̀-ẹ̀dá-èdè ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ti Ìbàdàn, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí wọ́n bá bi í pé, “Ṣé ìwọ kò gbọ́ Yorùbá ni?” Àwọn tí ó kàwé a máa fi ìbéèrè yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀kọ́ tí kò bá sì lè dá a lóhùn kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ èdè, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ bí a ti dá a. Ohun tí ó kù láti gbé yẹ̀ wò ni bóyá àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, àti ọ̀nà tí a gbà ń lò wọ́n, ń mú ìdáhùn yìí ṣẹ fún ọmọ tí ó ti Òsì wá.

Ìwé méjì ni òpómúléró ẹ̀kọ́ náà níbi tí ó bá kan Yorùbá. Èkíní ni A Grammar of Yoruba, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ̀ jáde ní 1966, lẹ́yìn tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963. Èkejì ni Essentials of Yoruba Grammar, tí Ọládélé Awóbùlúyì, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin fún ìgbà pípẹ́, tẹ̀ jáde ní 1978. Àwọn méjèèjì gbà pé inú Yorùbá fúnra rẹ̀ ni a ó ti wá òfin Yorùbá. Wọn kò sì gbà fún ara wọn nínú ohun gbogbo, èyí tí ó jẹ́ èrè ńlá fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. A máa ń kọ “ọkọ lọ”, ṣùgbọ́n “ọkọ ọ́ lọ” ni gbogbo ènìyàn ń wí. Ohùn òkè kan ń wọ àárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, a kì í sì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ ó bá “ó” tí ó wà nínú “ó lọ” tan? Bámgbóṣé ka “ó” yìí sí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Awóbùlúyì jiyàn pé kì í ṣe arọ́pò-orúkọ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ̀lé àríyànjiyàn náà dé òpin yóò rí bí àgbà méjì ti lè gbé ọ̀rọ̀ oní-sílébù kan ṣoṣo kalẹ̀, kí olúkúlùkù mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá, kí ẹnì kan má sì bú ẹnì kejì. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń sọ “ọkọ ọ́ lọ” láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, wọn kò sì fura sí ohùn náà rí. Níhìn-ín ni gbígbọ́ ti yàtọ̀ sí mímọ̀.

Dé ibi yìí, ẹ̀kọ́ náà yege. Ibi tí ó ti kùnà ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìwé méjèèjì gbé yẹ̀ wò. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí, nítorí ẹni tí ń roko a kọ́kọ́ fi ààlà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ká. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ìwé náà kọ́ni ni ẹ̀bi wà, tí wọ́n sọ ààlà oko di ààlà ayé.

Òfin kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ̀ sórí: fáwẹ́lì “u” kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó sì gba máàkì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n “ulé” ni Èkìtì ń pe ilé, “uṣu” ni wọ́n ń pe iṣu, “uṣẹ́” ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Kí ìyá tí ń sọ Èkìtì tó gbálẹ̀ òwúrọ̀ tán, yóò ti rú òfin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ẹ̀kọ́ bá parí síbẹ̀, ohun méjì péré ni ọmọ lè rí kọ́: yálà pé ìyá òun kò mọ Yorùbá sọ, tàbí pé ohun tí ìyá òun ń sọ kì í ṣe Yorùbá. Irọ́ ni méjèèjì. Gbólóhùn kúkúrú kan, “nínú Yorùbá àjùmọ̀lò”, ni ìbá ti gbà á lọ́wọ́ irọ́ náà.

Ọ̀ràn àǹkóò fáwẹ́lì tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, “e” àti “o” kì í sábà bá “ẹ” àti “ọ” gbé inú ọ̀rọ̀ kan náà: ewé àti owó wà lápá kan, ẹsẹ̀ àti ọ̀bẹ wà lápá kejì. Síbẹ̀ a rí ewúrẹ́, èlùbọ́ àti orúkọ, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n rú òfin. Ìdí rẹ̀ ni pé “u” dúró láàárín, kò sì jẹ́ kí àǹkóò kọjá. Ní ibi púpọ̀ ní Èkìtì, àǹkóò ń kọjá: ẹwúrẹ́, ẹ̀lùbọ́, ọrúkọ ni wọ́n ń wí. Àní “ó” tí àwọn àgbà méjì ń torí rẹ̀ jiyàn náà ń di “ọ́” níwájú irú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi “lọ”. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá sọ irú ọ̀rọ̀ tí “ó” jẹ́ ní láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń pa àwọ̀ dà tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tí ó jọ rúdurùdu nínú Yorùbá àjùmọ̀lò hàn gẹ́gẹ́ bí ètò tí ó gún régé nínú ẹ̀ka-èdè tí ó múlé tì í.

Níbo ni àǹkóò yìí ti dáwọ́ dúró bí a bá ti Àkúrẹ́ gba Adó gòkè lọ sí Ọ̀tùn, tí a sì kọjá sí Òsì àti Ìlọ́fà? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ni ó ń yí padà ní ìlú kan náà, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yí? Ọmọ Òsì tí etí rẹ̀ ti là sí ìró èdè yẹ fún ìbéèrè yìí ju ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wá láti ibòmíràn lọ.

Ìtò ìjọba náà lọ́wọ́ nínú ìdí tí Òsì fi máa ń bọ́ sẹ́yìn nínú irú ìwádìí báyìí. Abíọ́dún Adétúgbò, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 1967, pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbègbè ńláńlá, ó sì fi Èkìtì sí àárín gbùngbùn pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni àkọlé rẹ̀ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni Òsì wà ní abẹ́ Ìlọrin ní Ìhà Àríwá, títí ìjọba fi dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Èdè kò mọ ààlà tí gómìnà fà. Ní agbègbè Òsì ni Èkìtì, Ìgbómìnà àti Yàgbà ti súnmọ́ ara wọn, irú ibẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí onímọ̀ èdè lọ jókòó sí.

Òsì kì í sì í ṣe ìlú tí ayé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Arẹ́ógun, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní 1954, ọmọ ibẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè-òkun. Fàdá Kevin Carroll, tí ó bá Bándélé ọmọ Arẹ́ógun ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kọ orúkọ ìpele mẹ́rin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń tẹ̀lé sínú ìwé rẹ̀ ti 1967: ọnà lílé, tí a fi ń la igi sí ìrísí ńlá, àlétúnlé, tí a fi ń pín ìrísí náà sí wẹ́wẹ́, dídán, tí a fi ń mú un jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí a fi ń bu ọnà sí i lára. Èyí fi hàn pé àwọn tí kò wọ yunifásítì ti ní èdè-ìperí iṣẹ́ tiwọn, kí Bámgbóṣé tó ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá kìíní ní 1984, tí Awóbùlúyì sì ṣe èkejì ní 1990. Ó sì kọ́ni ní ètò: fínfín ni ó kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí ó bá kó tíọ́rì ilẹ̀ òkèèrè lé ọmọ lórí kí ọmọ náà tó kọ ìró ẹnu ará ilé rẹ̀ sílẹ̀, ń fín igi tí a kò tíì là.

Àwọn kan yóò béèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò rí ṣe. Kì í ṣe òfin ìjọba ni a lè gbé ìdáhùn lé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba fagi lé e. Ṣùgbọ́n yálà òfin dúró tàbí ó yí padà, ọmọdé Òsì yóò ṣì máa kọ “ulé” sínú ìwé rẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ ẹ̀dá èdè yóò fi tàdáwà pupa fà á, yóò sì pè é ní ará oko. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n yóò kọ́ ọ ní “ilé” tí gbogbo Yorùbá ń kọ, kò sì ní dójú ti ìyá rẹ̀ lójú kíláàsì. Fún èyí nìkan, owó tí a ná sórí ẹ̀kọ́ náà kò ṣòfò.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìmọ̀-ẹ̀dá-èdè má ṣe gba àpilẹ̀kọ ọdún ìkẹyìn lọ́wọ́ ọmọ tí ó ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, àfi bí ó bá ti kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ jọ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gbogbo, láti ẹnu arúgbó àti ọmọdé. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé yunifásítì, kí wọ́n sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, níbi tí olùkọ́ Yorùbá yóò ti rí i lò.