Ara Tí Ó Ṣáájú Ọjọ́ Orí: A Tún Ka The Bride Price

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ L'Enfant noir, ìwé Camara Laye tí ó jáde ní ọdún 1953. Nínú rẹ̀, bí ọmọkùnrin ṣe ń dàgbà jẹ́ ọ̀ràn gbogbo ìlú Kouroussa: ìlù ń dún, àwọn ẹgbẹ́ ń jó pọ̀, àgbàlagbà sì ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn ìkọlà títí egbò yóò fi jinná. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ẹ̀rù náà bà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí The Bride Price tí Buchi Emecheta kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 1976. Aku-nna jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Èkó, tí ìyá rẹ̀ sì kó òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin padà sí Ibuza. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, kò sí ìlù, kò sí àgbàlagbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Chike, olùkọ́ rẹ̀, ni ó mọ̀. Aku-nna fi í pamọ́ fún ìyá rẹ̀ pàápàá, nítorí ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí ó bá hàn, àwọn tí ń wá ìyàwó yóò dé. Ara rẹ̀ di àṣírí tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Ibi tí ìwé náà dùn jù lójú wa ni ọ̀nà igi, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n yọ̀ fún un, ayọ̀ wọn kò sì ní ẹ̀tàn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá kí i ní ilé ìyá rẹ̀, tí Okoboshi sì na ọwọ́ sí ọyàn rẹ̀ bí ẹni tí ń yẹ ọjà wò. Emecheta kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ kí a rí i pé gbogbo ènìyàn ní ohun tí wọ́n sọ nípa ara ọmọ náà, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí.

Aku-nna kì í ṣe ọmọ ọdún 8. Àwọn oníṣègùn a máa pè é ní ìbàlágà àtètèdé bí ọyàn ọmọbìnrin bá yọ kí ó tó pé ọdún 8. Ìwádìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin tí ara wọn ṣáájú ti ẹgbẹ́ wọn a máa ní ìbànújẹ́ ọkàn ju àwọn yòókù lọ, ojú ara wọn a sì máa tì wọ́n. Ohun tí Emecheta kọ́ wa nípa èyí ni pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹrù náà. Ojú àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Ní Ahoyéyé, ní Pobè àti ní Sakété, ta ni kò tíì gbọ́ “ó ti di ọmọge” lórí ọmọ tí ó ṣì ń fo okùn? Wọ́n sọ ọ́ bí ìyìn, ọmọ náà sì tẹ àyà mọ́ra. Òfin ìdílé orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 2004 ka ọdún 18 sí ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Òfin ń ka ọdún. Ojú ìgboro ń wo àyà.

Ìparí ìwé ni a kò gbà. Aku-nna kú níbi tí ó ti ń bí ọmọbìnrin, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ibuza ti gbàgbọ́ nípa ẹni tí a kò san owó orí rẹ̀. Lóòótọ́, Emecheta ti sọ fún wa pé ara rẹ̀ kéré, kò sì lókun. (Ọkọ Emecheta ni ó dáná sun ìwé náà nígbà àkọ́kọ́ tí ó kọ ọ́, ó tún un kọ.) Síbẹ̀, òǹkọ̀wé tí ó ti fi sùúrù wọ inú ọkàn ọmọ náà yára fi í lé ikú lọ́wọ́, ìlú Ibuza sì gba ikú náà fún ẹ̀rí. Bí a bá fẹ́ fi ìwé yìí kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, ojú ìwé ti ọ̀nà igi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti òpin.