Ẹṣin ní Ilẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Ẹṣin

Ilẹ̀ Yewa kì í ṣe ibi tí ẹṣin ì bá yàn fúnra rẹ̀. Láti Ìlaròó sọ̀kalẹ̀ sí apá Ìpókíá, igbó àti omi ló pọ̀ níbẹ̀. Ó di ẹ̀yìn Ayétòrò, lọ́nà Ìmẹ̀kọ, kí ọ̀dàn tó bẹ̀rẹ̀, kí atẹ́gùn tó máa fẹ́ dáadáa. Lápá méjèèjì náà, eṣinṣin tsetse wà, eégbọn wà, kantíkantí wà, ọ̀rinrin òjò sì máa ń jẹ pátákò ẹsẹ̀. Ẹṣin tí a bá dá fi sílẹ̀ níhìn-ín kò ní pẹ́ kú. Ọwọ́ ènìyàn ló ń mú un wà láàyè, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Dókítà ẹran ni mí. Mo ń tọ́jú màlúù, ewúrẹ́ àti ajá, ṣùgbọ́n ẹṣin ló jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣẹ́ ìṣègùn tó pọ̀ jù ni èyí tí a ń ṣe kí àìsàn tó wọlé.

Àwọn Ọ̀yọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí Ẹ̀gbádò, tí a yí orúkọ rẹ̀ sí Yewa ní 1995, wà lábẹ́ Aláàfin, ọ̀nà tó gba Ìjánà kọjá ni wọ́n ń tọ̀ lọ sí etíkun, sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọ̀nà náà ni Hugh Clapperton gbà ní ìparí 1825 nígbà tó ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹrú ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ọjà òyìnbó ń gòkè bọ̀, nínú ọjà yẹn ni wọ́n sì ti ń yọ owó ẹṣin tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya. Ìtàn ẹṣin wa kò mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, kò sì yẹ kí á bò ó. Síbẹ̀, ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́: ẹnì kan ń gé koríko, ẹnì kan ń pọn omi, ẹnì kan ń yọ eégbọn. Ọba fi oyè Olókùn-ẹṣin dá ẹni tó di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú lọ́lá. Mo gbà pé oyè yẹn tọ́ sí i.

Bàbá kan wà lẹ́yìn Ayétòrò tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú ẹṣin ni mo ń wò. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbẹ́ rẹ̀ ná. Ojú ẹṣin máa ń parọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í parọ́." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹran tí àwọn ẹranko búburú ń lé pa jẹ ni ẹṣin látìbẹ̀rẹ̀ ayé. Èyí tó bá fi àárẹ̀ hàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pa àìlera mọ́ra títí á fi bọ́ sórí. Bí ìgbẹ́ bá ṣù róbótó-róbótó, tó tutù díẹ̀, tó sì pọ̀ bó ṣe máa ń pọ̀, ọkàn á balẹ̀. Bó bá gbẹ, tó le, tí ikun sì bò ó, omi ni kò mu tó. Bó bá sì di ọ̀sán tí a ò rí ìgbẹ́ kankan, mo ti ń palẹ̀ àpò mi mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ ló kan ara. Mo máa ń ṣí ètè òkè, màá fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀. Ojú ibẹ̀ á funfun, ó sì gbọ́dọ̀ padà pọ́n kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé. Ní abẹ́ àgbọ̀n, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ìka lè bá níbi tó ti ń lù: ẹṣin tó dá ṣáṣá, tó sinmi, á lù láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Èémí rẹ̀ á wà láàárín 8 sí 16, ìgbóná ara rẹ̀ láàárín 37.5 sí 38.5 ní ìwọ̀n Celsius. Màá gbé etí lé ìhà rẹ̀ méjèèjì, kí n gbọ́ bí ìfun ṣe ń kùn. Ìhà tó bá dákẹ́ rọ́rọ́ ló ń dẹ́rù bà mí, èyí tó ń kùn kò bà mí lẹ́rù. Màá wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pátákò tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Gbogbo èyí kò ju ìwọ̀nba àsìkò tí èèyàn fi ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Bàbá ń ṣe é lójoojúmọ́, èmi ń ṣe é nígbà tí mo bá dé. Tiwọn ló wúlò jù, torí àwọn ló mọ bí ẹṣin yìí gan-an ṣe rí lánàá.

Ohun tí mo ń pè ní ìtọ́jú àpapọ̀ nìyẹn: kí ọgbọ́n ẹni tó ń sùn nítòsí ẹṣin àti ọgbọ́n ẹni tó ka ìwé jọ wà nínú ilé ẹṣin kan náà, kí ọ̀kan má sì fojú tín-ín-rín wo èkejì. Claude Bourgelat, tó gba àṣẹ ní 1761 láti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá ẹṣin gbé ni iṣẹ́ wa ti jáde.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èéfín. Bí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn Fúlàní àti àwọn olùtọ́jú ẹṣin máa ń fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tàbí ewé dóńgóyárò dáná eléèéfín. Àkókò yẹn náà ni kantíkantí máa ń jáde, òun ló sì ń gbé àrùn ẹṣin Áfíríkà kiri, èyí tó lè pa tó mẹ́sàn-án nínú ẹṣin mẹ́wàá níbi tó bá ti le jù, tí kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Èéfín náà dára. Mo fi kún un pé kí ẹṣin ti wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, kí a da gbogbo omi tó dágún sítòsí nù. Ṣùgbọ́n ibi tí èéfín ti parí wà. Bí ẹṣin bá ń jẹun tó sì ń rù, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, tí abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò tí tsetse ń gbé ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí ewé tí mo lè fi dípò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo sì ń bẹ àwọn tó ń sin màlúù: ẹ má fi ojú gún abẹ́rẹ́ màlúù fún ẹṣin. Oògùn kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè gba àṣìlò rẹ̀ bíi màlúù.

Oúnjẹ ló wá ń pa ẹṣin jù ní agbègbè wa, èyí sì ń dùn mí nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yẹra fún. Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀, kò sì lè bì. Ohun tó bá gbé mì ti lọ nìyẹn. Koríko díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni Ọlọ́run dá a fún. Bí a bá wá bu àgbàdo rẹpẹtẹ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo torí pé a fẹ́ kí ó sanra dé ọjọ́ ọdún, inú rírun ló máa tẹ̀lé e, tàbí kí pátákò rẹ̀ máa jóná láti inú. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ilẹ̀ wa, èèpo rẹ̀ sì pọ̀ nílé gàrí gbogbo. Èèpo tútù ní májèlé. Bí a bá máa fi í fún ẹran rárá, kí oòrùn ti pa á gbẹ dáadáa. Èyí tó wá burú jù ni oúnjẹ adìyẹ. Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún oko adìyẹ, oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ kì í wọ́n. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọn nítorí àrùn ìgbẹ́ gbuuru adìyẹ, monensin ni orúkọ rẹ̀. Adìyẹ ń jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Màlúù lè fara dà á díẹ̀. Ní ti ẹṣin, ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó lè pa màlúù ti tó láti ba iṣan ọkàn rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí garawa oúnjẹ adìyẹ má dé ilé ẹṣin.

Ti egbò kò gùn. Omi iyọ̀ ni a ó fi fọ̀ ọ́, oyin gidi dára lórí egbò ẹsẹ̀, òrí dára fún ibi tí gàárì ti bó lára. Ṣùgbọ́n ẹṣin wà lára ẹran tí tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń pa jù, ìṣó kékeré kan ti tó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò wọ́n tó ẹṣin. Ti dìgbòlugi náà ṣe pàtàkì níbi tí ajá bá ti ń rìn kiri.

Àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn ẹṣin láti fi wo ìrora. Láti 1974 ni ẹgbẹ́ International Veterinary Acupuncture Society ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran ní i. Mi ò bú u, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ tó lójú mi. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ẹṣin, gàárì ni mo kọ́kọ́ ń yí padà wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, igi gàárì ló jókòó sórí eegun ẹ̀yìn. Àtúnṣe tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀, ìsinmi, àti ọwọ́ Bàbá tó ń fi òrí ra iṣan náà jẹ́jẹ́, ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìgbà Iléyá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, nítorí ẹṣin tí wọ́n ń gùn níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń tẹ̀ lé e. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ ẹṣin máa ń bá dé gúúsù, tí wọ́n so orí wọn sókè. Ẹṣin tí kò lè rẹ orí sílẹ̀ kò lè lé ìdọ̀tí jáde nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbé sọ̀kalẹ̀. Kí awakọ̀ dúró ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n tú okùn, kí wọ́n fún un lómi. Kí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bá àwọn ti ilé pàdé, torí ikọ́ ẹṣin máa ń ràn kíákíá.

Bí gbogbo èyí bá lọ bó ṣe yẹ, ẹṣin lè kọjá ọdún 25, kódà níhìn-ín. Ọ̀kan tó ti darúgbó wà lọ́dọ̀ Bàbá. Eyín ẹṣin kì í yé yọ sókè, etí eyín náà á wá mú bí abẹ, á máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú. Ìgbà tí Bàbá rí ìṣù koríko tó jẹ tó sì tu sílẹ̀ ni wọ́n pè mí. Mo fi ayùn eyín rẹ́ ẹ, wọ́n sì ń rẹ dùsà rẹ̀, ìyẹn èèrí ọkà, sínú omi títí ó fi rọ̀. Ó ti padà ń sanra. Kí òjò tó dá, màá tún lọ wo ẹnu rẹ̀.