Orúkọ Lẹ́yìn Fọ́tò: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìfàsẹ́yìn Ètò Ìtọ́jú Fọ́tò lẹ́yìn Ìsọdọ̀tun, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

1. Ìfáàrà

Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú fọ́tò, ìbáà ṣe onífọ́tò tí ó ní sítúdíò ní Ìkìrun, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kó fọ́tò iṣẹ́ ìwádìí jọ ní Inísà tàbí ní Òkukù. Ẹ̀sùn náà ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ètò ìtọ́jú fọ́tò wọn dọ̀tun, ètò tí ó ń yára tẹ́lẹ̀ ti ń wọ́ bí ìgbín. Fọ́tò kì í tètè ṣí mọ́, ẹ̀rọ a máa gbóná, nígbà mìíràn ètò náà á sì pa ara rẹ̀ dé lójijì.

Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ohun tí ó ń fa ìfàsẹ́yìn yìí wò, kí a sì fi ojú lámèyítọ́ wo èrò tí ó wà lẹ́yìn àwọn ètò náà. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára ẹ̀rọ nìkan. Apá kan nínú ìlọ́ra náà ń wá láti inú pé ètò tuntun ń padà fi àbá wádìí ohun tí ẹni tí ó ni fọ́tò ti fẹnu ara rẹ̀ sọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣáájú ni bóyá ó gbé orúkọ dé ibi tí ó ń lọ. Bí ó ti yára tó di ìbéèrè kejì.

2. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Ọ̀tọ̀ ni fọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ètò tí ń tọ́jú rẹ̀. Fọ́tò wà lórí dísìkì. Ohun tí ètò náà ní ní tirẹ̀ ni àkọsílẹ̀ kan, tí a ó máa pè ní kátálọ́ọ̀gù, níbi tí ó kọ ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà sí, àti ọjọ́ tí a yà á, orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, àti àtúnṣe tí a ti ṣe sí i. Ó tún máa ń ṣe ẹ̀dà kékeré fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí a lè tètè rí i.

Nígbà tí a bá sọ ètò náà dọ̀tun, nǹkan mẹ́rin ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, ètò tuntun a da kátálọ́ọ̀gù àtijọ́ kọ ní ìlànà tuntun. Èkejì, bí ọ̀nà tí ó ń gbà túmọ̀ àwọ̀ bá ti yí padà, a tún àwọn ẹ̀dà kékeré náà ṣe. Ẹ̀kẹta, a padà yẹ ojú àwọn ènìyàn inú fọ́tò wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀kẹrin, a béèrè RAM àti agbára àwòrán tí ó ju èyí tí ètò àtijọ́ ń lò lọ.

Kì í ṣe àròsọ ni èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, nígbà tí Adobe gbé ẹ̀dà 6.2 ètò Lightroom jáde, ariwo ta láàárín àwọn tí ń lò ó: ètò náà ń dákú, wọ́n sì ti yí ọ̀nà tí a ń gbà kó fọ́tò wọlé padà. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì dá ọ̀nà àtijọ́ padà ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù keje ọdún 2017, wọ́n tún jẹ́wọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ìyára ni ó gba iwájú nínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àtúnṣe náà wá dé nínú ẹ̀dà 7.2 ní oṣù kejì ọdún 2018, kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ tó gígábáìtì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sọ pé yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó kan agbègbè wa gbọ̀ngbọ̀n. Ètò Photos ti Apple, fún àpẹẹrẹ, ń ṣe iṣẹ́ ìdánimọ̀ ojú nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí iná mọ̀nàmọ́ná. Ká ní onífọ́tò kan ní Ìkìrun ní fọ́tò 40,000, ká sì ní ètò rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú àáyá 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 80,000 nìyẹn, ó lé ní wákàtí 22. Níbi tí iná kì í ti í lọ, alẹ́ ọjọ́ kan àti ọ̀sán kan ti tó. Níbi tí wákàtí 4 bá jẹ́ gbogbo iná òòjọ́, ọjọ́ kẹfà ni iṣẹ́ náà tó lè parí, àfi bí onífọ́tò bá fi owó epo jẹnẹrétọ̀ dí i. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ti fi iná tí kì í kú ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ọ́. Ohun tí òun kà sí wàhálà ọjọ́ kan di ọ̀rọ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ tiwa.

3. Orúkọ lẹ́yìn fọ́tò

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹ̀yìn fọ́tò ni a ń kọ nǹkan sí. Onífọ́tò a lu òǹtẹ̀ sítúdíò rẹ̀ síbẹ̀. Ará ilé a fi báírò kọ orúkọ, ọdún, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ibikíbi tí fọ́tò bá lọ, orúkọ bá a lọ, nítorí pé orí bébà kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Bí orúkọ yìí ti ṣe pàtàkì tó hàn nínú ohun tí Stephen Sprague kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìwádìí tí ó ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí Òkukù. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, èyí tí ó kù a wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, a sì wọ aṣọ obìnrin lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé irú fọ́tò yìí síwájú ètò tí ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀. Ojú kan náà ni yóò rí lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ kan ni yóò sì dábàá fún àwọn méjèèjì. Ní ti ìlànà ẹ̀rọ, kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ní ti ìtumọ̀ fọ́tò náà, àṣìṣe pátápátá ni, nítorí Táíwò ni ọ̀kan, Kẹ́hìndé sì ni èkejì. Kò sí ohun tí a lè fi ya wọ́n sọ́tọ̀ àyàfi ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá tí ó bí wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú kátálọ́ọ̀gù nìkan, tí ètò tuntun kò gbé e dé, tí ó sì tún ojú wọn yẹ̀ wò, ọmọ tí ó kú yóò di alààyè lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò yìí lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó fi hàn pé ọmọ náà wá sáyé rí.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí ó ṣe pàtàkì jù ní agbègbè yìí ni kò ní ojú nínú rárá. Adé ìlẹ̀kẹ̀ ní ìbòjú. Ìwé tí Ulli Beier ṣe ní ọdún 1982 lórí àwọn adé Ọlọ́kukù fi irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ hàn wá. Egúngún náà kò ní ojú tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀. A kì í sì í béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Orúkọ egúngún fúnra rẹ̀ àti ilé tí ó ti jáde ni a ń béèrè. Nítorí náà, ibi tí orúkọ ti wúlò jù ni àbá ẹ̀rọ kò ti lè ràn wá lọ́wọ́.

4. Ètò kú, orúkọ ń kọ́?

Ètò ìtọ́jú fọ́tò kì í pẹ́ láyé. Google ra Picasa ní ọdún 2004. Ní ọdún 2009 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn fi orúkọ sí ojú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n dẹ́kun ìtìlẹ́yìn fún un. Nínú Picasa, kóòdù ojú wà nínú fáìlì kékeré tí ó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, orúkọ tí kóòdù náà dúró fún sì wà nínú fáìlì mìíràn. Ẹni tí ó kó fọ́tò rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun láìkó àwọn fáìlì yìí, tí kò sì ti kọ́kọ́ kọ orúkọ sínú fọ́tò, kó ojú lọ ó fi orúkọ sílẹ̀. Bákan náà, nígbà tí Apple fi Photos rọ́pò iPhoto àti Aperture ní ọdún 2015, ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ṣe ìdíwọ̀n fọ́tò wọn kò kọjá gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀ mọ́; ọ̀rọ̀ atọ́ka lásán ni wọ́n dà.

Ìṣòro àmì ohùn tún wà fún àwa tí ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà “ọ̀” kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode. Ènìyàn lè kọ “ọ” kí ó tó fi àmì lé e; ó lè kọ “ò” kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀; ó sì lè kọ “o” lásán kí ó tó fi àmì méjèèjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ètò tí kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó fi wọ́n wéra, orúkọ mẹ́ta ni. Ẹni tí ó bá wá “Ọ̀tìn” láàárín àwọn fọ́tò ọdún odò náà tí ó yà ní Inísà lè rí ìdajì wọn, kí ó sì rò pé ìyókù ti sọnù.

5. Oríkì àti ìtàn

Àwọn ènìyàn lè sọ pé a fẹ́ fi ọ̀nà àwọn baba wa bú ọ̀nà ìgbàlódé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí Karin Barber ṣe lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní ọdún 1991, jẹ́ kí a mọ̀ pé oríkì àti ìtàn kì í sábà gbé ẹnu ẹnì kan náà. Àwọn obìnrin ni wọ́n mọ oríkì kì jù. Ìtàn tí ó túmọ̀ gbólóhùn inú rẹ̀ sì lè wà lọ́wọ́ bàbá àgbà kan nínú ilé. Bí bàbá náà bá kú láìsọ ọ́, gbólóhùn yóò wà, ìtumọ̀ yóò lọ. Àdánù tí ó jọ ti Picasa gan-an ni èyí.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé oríkì kì í pa gbólóhùn tí kò yé e rẹ́. Àwọn ará Òkukù kúrò ní Kọ̀ọ̀kin. Nígbà ogun Jálumi ọdún 1878, wọ́n sá lọ sí Ìkìrun. Síbẹ̀ àwọn tí ń kì wọ́n kò fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Orúkọ tuntun a máa gorí èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ni. Ìlànà tí ètò fọ́tò yẹ kí ó tẹ̀lé nìyí: kí ó fi àbá tirẹ̀ kún un, kí ó má ṣe fi í rọ́pò.

6. Àgbálọgbábọ̀

A gbà pé ìsọdọ̀tun ní èrè tirẹ̀. Ètò tí ó lè wá gbogbo fọ́tò ìyá àgbà kan jáde láàárín ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ohun ìfojútẹ́ńbẹ́lú, ìlọ́ra ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì tó ìdí láti kọ̀ ọ́. A gbà pẹ̀lú pé RAM tí ó pọ̀ àti dísìkì tí ó yá yóò dín ìfàsẹ́yìn náà kù. Ṣùgbọ́n owó lè ra ìyára. Kò lè ra orúkọ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti kú.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ ètò dọ̀tun, kí ó ṣe ẹ̀dà kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ sí ibòmíràn. Kí ó pàṣẹ fún ètò àtijọ́ láti kọ orúkọ sínú fọ́tò gan-an, nítorí èyí ni ẹ̀yìn fọ́tò ti òde òní. Kí ó tún kọ orúkọ àwọn abẹ́nà ìmọ̀ sínú ìwé kan pẹ̀lú nọ́ńbà fọ́tò wọn. Kí ó má sì ṣe dá ètò tuntun lẹ́bi títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi parí lórí iná. Lẹ́yìn náà ni kí ó ṣí fọ́tò mẹ́wàá tí ó mọ̀ dáadáa, kí ó wò ó bóyá orúkọ inú wọn kò yí padà.

Ẹ̀ka wa náà ní fọ́tò àwọn apohùn àti àwọn àgbà tí wọ́n fún wa ní ìmọ̀ ní àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Púpọ̀ nínú wọn ti re ibi àgbà ń rè. Bí a bá pàdánù orúkọ wọn nítorí pé a ń wá ètò tí ó yára, kò sí ẹ̀dà tuntun tí yóò dá a padà fún wa.